Ẹ JẸ́ KÍ ỌMỌ WỌ ILÉ ÌDÁNÁ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI ỌWỌ́ ÀWỌN ÌYÁ ILẸ̀ PÓLÁNDÌ

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí, a ó wo bí àwọn ìyá ní ilẹ̀ Pólándì ṣe ń se oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn fún àwọn ọmọ, tí wọ́n sì ń fi àwọn ọmọ náà ṣe olùrànlọ́wọ́ nídìí ààrò. Ẹnìkan lè béèrè pé, "Kí ló kàn wá nínú ọbẹ̀ àwọn Òyìnbó?" Àwọn àgbà ti dáhùn: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí: Oúnjẹ tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ìyá rẹ̀ kì í parun. Èyí tí ìyá bá ń dá sè, ó lè bá ìyá lọ.

1. Ilé ni wọ́n ti pa á mọ́

Pólándì wà ní àárín gbùngbùn Yúróòpù, ó bá Jámánì pààlà. Ní 1772, 1793 àti 1795, àwọn ìjọba alágbára mẹ́ta, Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria, pín ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Fún ọdún 123, títí di November 1918, Pólándì kò dá dúró mọ́. Ní ìlú Września ní 1901, wọ́n na àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé wọ́n kọ̀ láti fi èdè Jámánì dáhùn nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Àwa tí a ti mú pàṣán dání rí níwájú kíláàsì, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Níbo ni àwọn ọmọ náà ti kọ́ èdè tí wọ́n torí rẹ̀ jẹgba? Ilé ni, lẹ́nu ìyá, nídìí ààrò àti nídìí tábìlì oúnjẹ.

2. Pierogi: oúnjẹ tí ọwọ́ kékeré lè ṣe

Pierogi jọ míìtì-páì kékeré, ṣùgbọ́n a kì í yan án. Inú omi híhó ni a ti ń bọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní pierogi ruskie ni a mú wá fún yín.

Ohun èlò: ìyẹ̀fun gíráàmù 500, omi gbígbóná ife 1, òróró ṣíbí 2, iyọ̀ díẹ̀, pòtétò (Áríìṣì) gíráàmù 500, twaróg gíráàmù 250, àlùbọ́sà 2, ata dúdú lílọ̀ díẹ̀. Twaróg jẹ́ wàrà funfun bí èyí tí àwọn Fúlàní ń tà fún wa, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, ó sì kan díẹ̀.

Sísè rẹ̀: Ẹ po ìyẹ̀fun, omi, òróró àti iyọ̀ pọ̀ títí yóò fi rọ̀, kí ẹ bò ó fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ se pòtétò, ẹ gún un kúnná, kí ẹ po twaróg mọ́ ọn pẹ̀lú àlùbọ́sà tí ẹ ti dín, iyọ̀ àti ata. Ẹ tẹ ìyẹ̀fun náà pẹlẹbẹ kí ó fẹ́lẹ́, kí ẹ fi ẹnu ife gé e ní róbótó róbótó. Ẹ fi ṣíbí kékeré bu pòtétò sí àárín rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ fi ìka tẹ etí rẹ̀ pa. Ẹ dà á sínú omi oníyọ̀ tó ń hó. Nígbà tí ó bá léfòó, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 sí i, kí ẹ kó o jáde. Bọ́tà yíyọ́ àti àlùbọ́sà díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ẹ kíyèsí i pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ orí. Ọmọ kékeré lè fi ife gé róbótó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè bu pòtétò sí i, kí ó sì tẹ etí rẹ̀ pa. Ìyá ni kí ó dúró ti omi gbígbóná. Bí ọmọ kò bá tẹ etí rẹ̀ dáadáa, yóò tú sínú omi. Ẹ má ṣe bínú. Lọ́jọ́ mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́ tì.

3. Oúnjẹ ojoojúmọ́

Lọ́jọ́ Ìsinmi, rosół ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń jẹ: omi ẹran adìyẹ tí a fi iná jẹ́ẹ́jẹ́ sè fún wákàtí mélòó kan pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà, tí a fi tàlíà tẹ́ẹ́rẹ́ sí. Bí ó bá ṣẹ́kù, ìyá yóò fi tòmátì sí i lọ́jọ́ Ajé, yóò di ọbẹ̀ mìíràn. Gołąbki, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ẹyẹlé kéékèèké, jẹ́ ìrẹsì àti ẹran lílọ̀ tí a fi ewé kábéèjì pọ́n. Ewé yìí kì í ṣe èyí tí à ń já sọnù bí ewé mọ́ínmọ́ín, jíjẹ ni. Ní ti żurek, ìyẹ̀fun ọkà ráì ni a ń rẹ sínú omi fún bí ọjọ́ márùn-ún títí yóò fi kan, gẹ́gẹ́ bí ògì wa.

Láti 1981 sí 1989, káàdì ni wọ́n fi ń pín ẹran ní Pólándì, àwọn ìyá sì ń tò sórí ìlà fún wákàtí pípẹ́. Ìyẹ̀fun, pòtétò àti kábéèjì ni ó gbà wọ́n. Ìyá tó mọ oúnjẹ ìbílẹ̀ kì í ṣàìrí nǹkan gbé síwájú ọmọ.

4. Alẹ́ ọjọ́ 24 December

Alẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Wigilia. Àwọn ọmọ ni ó ń wo ojú ọ̀run. Ìgbà tí wọ́n bá rí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ni a tó jókòó jẹun. Koríko gbígbẹ díẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ tábìlì, ní ìrántí ibùjẹ ẹran tí a tẹ́ Jésù sí. Kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, wọn yóò bu opłatek, àkàrà pẹlẹbẹ funfun, fún ara wọn, wọn yóò sì súre fún ara wọn. Oúnjẹ 12 ni ọ̀pọ̀ ilé ń sè, wọ́n ní ó dúró fún àwọn Àpọ́sítélì 12. Kò sí ẹran nínú rẹ̀: ọbẹ̀ pupa tí ń jẹ́ barszcz, ẹja, àti pierogi onílú àti kábéèjì. Wọ́n tún máa ń fi àga àti àwo kan sílẹ̀ ní òfo fún àlejò tí a kò retí. Ẹ ka Lúùkù 2:7, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ tí àga náà fi yẹ kí ó wà.

5. Ohun tí a ó mú lọ sílé

A fẹ́ jẹ́wọ́ níhìn-ín. Nígbà tí àwọn ọmọ wa wà ní kékeré, a máa ń lé wọn jáde ní ilé ìdáná: "Ẹ lọ ka ìwé yín!" Iṣẹ́ a sì yá. Lónìí, wọ́n ń tẹ̀ wá láago láti ọ̀nà jíjìn pé báwo ni a ṣe ń se gbẹ̀gìrì. A ní, "Fi iyọ̀ sí i kí ó tó." Báwo ni ẹni tí kò dúró tì wá rí yóò ṣe mọ bí ó ti ń tó? Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ nílé, ẹ má ṣe irú àṣìṣe wa. Ẹ fún wọn ní ọbẹ̀, ẹ fún wọn ní abọ́, kí iṣẹ́ náà tilẹ̀ pẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Oúnjẹ wo ni ìyá rẹ mọ̀ ọ́n sè tí ìwọ kò mọ̀?
2. Iṣẹ́ wo nínú ilé ìdáná ni ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe láìséwu?
3. Ta ni ìwọ yóò fi àga òfo sílẹ̀ fún ní ọdún Kérésìmesì tó ń bọ̀?