Ìpẹja ní Ìkéré Gorge: Ìṣirò owó tó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe kí wọ́n tó gbéra

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ kóra jọ lọ pẹja, kí wọ́n sì sùn létí omi fún ọjọ́ méjì, ló ni òwe yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ojú omi ni irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ilé ló ti ń bàjẹ́, nígbà tí kò sí ẹni tó jókòó ṣírò owó.

Omi wo ni kí wọ́n lọ?

Omi kò jìnnà sí àwọn ará Jọbẹlẹ, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Afijió. Dáàmù Erelú wà nílùú Ọ̀yọ́, láti 1961. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ táwọn ará Ọ̀yọ́ ń mu ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, irú ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń pàgọ́ sí. Ẹni tó bá ń wá omi tó fẹ̀ yóò gba Ọ̀yọ́ lọ sí agbègbè Ìsẹ́yìn, níbi tí dáàmù Ìkéré Gorge wà lórí odò Ògùn. Ayé ìjọba Shehu Shagari, tó wà lórí oyè láti 1979 sí 1983, ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí omi mímu, omi oko àti iná mànàmáná. Àwọn apẹja tó ń fi ibẹ̀ jẹun pọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ló ni dáàmù náà, lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà, kí wọ́n tó lọ kí baálẹ̀ àti olórí àwọn apẹja. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí àti àwọn ọlọ́pàá ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá ààbò wà lágbègbè náà lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ìròyìn kò bá dára, kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú.

Owó oríṣi méjì

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù rèé. Owó kan wà tí kì í dín kù, bó ti wù kí èrò kéré tó: owó ọkọ̀, owó ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀, àti owó ọdẹ tí yóò ṣọ́ àgọ́ lóru. Èkejì ń bá iye orí lọ: oúnjẹ, omi mímu, ìwọ̀ àti ekòló.

Bí àpẹẹrẹ, tí èèyàn 8 bá fẹ́ lọ, tí ọkọ̀ jẹ́ N80,000, tí ọkọ̀ ojú omi jẹ́ N30,000, tí ọdẹ jẹ́ N10,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ N120,000. Bí oúnjẹ àti ohun ìpẹja ẹnì kan bá jẹ́ N8,000, ti èèyàn 8 jẹ́ N64,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N184,000, tí í ṣe N23,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Bí èèyàn 3 bá wá yẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò gbéra ńkọ́? Owó oúnjẹ yóò wálẹ̀ sí N40,000, ṣùgbọ́n N120,000 kò yẹsẹ̀. Àwọn 5 tó kù yóò san N32,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. N9,000 tó gorí owó wọn yìí lè da àárín ọ̀rẹ́ rú.

Oògùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n yan akápò, kí owó pé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n sì kọ àdéhùn sílẹ̀. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó ọkọ̀ yóò gba N8,000 oúnjẹ rẹ̀ padà. N15,000 tó kù ti wọlé. Bó bá rí ẹni rọ́pò ara rẹ̀, kí ó gba gbogbo owó rẹ̀. Kí wọ́n tún fi ìdá mẹ́wàá, N18,400, pamọ́ fún táyà tó lè bẹ́ tàbí ẹni tó lè ṣàìsàn. Bí wọn kò bá ná an, kí wọ́n pín in padà.

Ohun tí kò yẹ kí wọ́n fi ṣahun

Kí gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, títí kan ẹni tó mọ̀wẹ̀. Kí wọ́n gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì àti omi mímu láti ilé. Kí wọ́n má wẹ̀ nínú omi tó dúró sójú kan létí bèbè, nítorí ìgbín inú irú omi bẹ́ẹ̀ lè gbé àrùn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀.

Ìgbà ẹ̀rùn, tí omi fà, ló rọrùn jù láti pàgọ́. Epìyà àti àrọ̀ ni kí wọ́n máa retí. Àrọ̀ fẹ́ràn láti jẹ ìwọ̀ lóru. Ẹja kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru, nítorí náà kí wọ́n gbé kúlà lọ: yìnyín kílò kan fún ẹja kílò kan. Májèlé àti àdó olóró léèwọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ka ẹja mọ́ owó tí wọn yóò fi wọkọ̀ padà. Ẹja tí kò tíì bọ́ sínú agbọ̀n kì í ṣe owó. Kí owó ọkọ̀ àbọ̀ ti wà lọ́wọ́ akápò kí wọ́n tó kúrò ní Jọbẹlẹ, nítorí àjò kì í dùn kónílé má relé.