Kí Á Tó Dá Ẹlòmíràn Lẹ́jọ́

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jòhánù 9:1–3

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí afọ́jú yìí, ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Wọn kò bèèrè bóyá ó ti jẹun. Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ní àwọn ọdún 1980 tí a ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún, a máa ń pe Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrójayé nínú rẹ́jísítà. Orúkọ àbíkú ni, ẹ̀bẹ̀ ìyá sì ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè wá sí ilé ìwé nígbà ọyẹ́. A ní ọ̀lẹ ni. A nà án. Kò parí ìwé mẹ́fà tó fi kú. Ọmọ kẹrin tí ìyá rẹ̀ sin nìyẹn, ni àwọn ènìyàn bá ní ó ń jẹ ọmọ. Àwa kò sọ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n a kò ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ló là wá lọ́yẹ̀ lẹ́yìn náà. Fòníkú-fọ̀ládìde ni. Ẹ̀jẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì dí ọ̀nà iṣan. Òtútù a máa dá ìrora egungun náà sílẹ̀. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, James Herrick, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1910! Bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ó sì tó ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó jẹ́ AS. (Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò pe bàbá ọmọ náà ní àjẹ́.) Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni SS o, ibà àti èéyi náà pa púpọ̀.

Lẹ́yìn tí a fẹ̀yìn tì, a lọ bá ìyá náà nílé, a kúnlẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ dìde. Ẹ̀yin nà án kí ó lè mọ̀wé ni. Àwọn tí kò ra ẹ̀kọ mi mọ́ ló dùn mí jù.”

A ní, “Àwa náà wà nínú wọn.”

Ó ní òun mọ̀. Ó sì gbé àga fún wa.

Fún ìjíròrò: Ta ni kò sí ẹni tí í jókòó tì í nínú ìjọ wa? Kí ni a gbọ́ nípa rẹ̀, ta ni ó sì ti bi òun fúnra rẹ̀ léèrè?