Ìwé Sọ̀wédowó Tí Báǹkì Dá Padà: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Oníṣòwò Ṣe

Bí ẹnì kan bá ra ogún àpò sìmẹ́ǹtì, tí ó sì fi ìwé sọ̀wédowó san owó rẹ̀, ọjà ti lọ, ṣùgbọ́n owó kò tíì wọlé. Ìwé sọ̀wédowó kì í ṣe owó. Àṣẹ ni tí ẹni tí ó kọ ọ́ pa fún báǹkì rẹ̀ pé kí ó san iye kan. Bí kò bá sí owó nípamọ́ fún un níbẹ̀, báǹkì yóò dá ìwé náà padà. Ìpalára ńlá ni èyí jẹ́ fún oníṣòwò kékeré tí ó jẹ́ pé owó ọjà àná ni ó fi ń ra ti òní. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe ní Nàìjíríà.

1. Ẹ wádìí ìdí rẹ̀. Báǹkì a máa sọ ìdí tí òun fi dá ìwé padà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀tàn. Ó lè jẹ́ pé ìfọwọ́sí kò bára mu, tàbí pé iye tí a fi ọ̀rọ̀ kọ yàtọ̀ sí èyí tí a fi nọ́ńbà kọ. Ìwé tuntun lè tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí báǹkì bá ní owó kò sí, tàbí pé kò tó, ọ̀rọ̀ lè di ti òfin.

2. Ẹ pa ìwé náà mọ́. Bí ẹni tí ó jẹ yín lówó bá bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà fún òun, ẹ má ṣe gbà títí owó yóò fi tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹlẹ́rìí yín ni. Ẹ fi rìsíìtì ọjà àti èsì báǹkì tì í.

3. Ẹ kọ lẹ́tà sí i láìjáfara. Ẹ sọ nọ́ńbà ìwé náà, ọjọ́ orí rẹ̀, iye owó, ìdí tí báǹkì sọ, àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gba owó yín. Ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, nítorí bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀, kí àdéhùn náà wà lákọsílẹ̀.

4. Ẹ mọ òfin. Láti 1977 ni òfin ti wà pé ẹni tí ó bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba ọjà tàbí àwìn jẹ̀bi ẹ̀wọ̀n ọdún 2, láìsí ààyè owó ìtanràn. Ilé iṣẹ́ yóò san ìtanràn tí kò dín ní ₦5,000. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ti mú ìwé náà lọ sí báǹkì láàárín oṣù 3 sí ọjọ́ tí a kọ sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Ẹni tí ó bá fi hàn pé òun ní ìdí pàtàkì láti gbàgbọ́ pé báǹkì yóò san owó náà lè bọ́ nínú ẹ̀bi.

5. Ẹ̀wọ̀n kì í san gbèsè. Ẹ lè fi ìwà ọ̀daràn náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí a mú ènìyàn nítorí àìmú àdéhùn ṣẹ nìkan. Ilé ẹjọ́ ni a ti ń béèrè owó. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti 2018, ilé ẹjọ́ wà fún gbèsè kékeré tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. A là á kalẹ̀ pé kí ìdájọ́ wáyé láàárín ọjọ́ 60, olùpẹ̀jọ́ sì lè rojọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́tà tí a sọ lókè yìí ni ìpìlẹ̀ ẹjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ń bẹ ní ibòmíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ Májísíréètì tí ó súnmọ́ yín.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó yá jù ni pé kí ọjà má kúrò ní ìsọ̀ títí báǹkì yóò fi jẹ́rìí sí i pé owó ti wọlé. Oníbàárà tí ó ní owó nílé kò ní bínú pé a ní kí òun dúró díẹ̀.