Kí Wọ́n Tó Bo Kòtò Ìdánwò

Kòtò ìdánwò, ìyẹn kòtò tóóró tí awalẹ̀pìtàn máa ń wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́ kí bíríkìlà tó wa ìpìlẹ̀ tuntun síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú, ohun tó sì ń bani nínú jẹ́ ni pé ìkánjú gan-an ni wọ́n fi ń yin àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é lóde òní. Láìpẹ́ yìí, wọ́n wa irú kòtò bẹ́ẹ̀ sí àgbàlá ilé alámọ̀ kan lágbègbè Owódé, kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ti bò ó, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn sì pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ha ògiri kòtò náà mọ́, kò sẹ́ni tó yà á sórí ìwé.

Ìgbésẹ̀ tí wọ́n fò yẹn ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ògiri amọ̀ tó bá wó nílẹ̀ Yorùbá máa ń yọ́ lábẹ́ òjò, a sì di iyẹ̀pẹ̀ pupa tó jọ ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí, débi pé ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kòtò nìkan yóò rò pé òun ti dé òpin, nígbà tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, ààrò àti àpáàdì ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ara ògiri kòtò tí wọ́n bá ha mọ́, tí wọ́n sì wọ́n omi sí díẹ̀, ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ eérú tàbí èédú yóò ti fara hàn.

Ọ̀gá tó kọ́ ẹni tó kọ ìwé yìí níṣẹ́ kì í gbà kí ọmọ iṣẹ́ yọ àpáàdì kan ṣoṣo kúrò lára ògiri kí wọ́n tó yà á. Inú oòrùn ni wọ́n ti ń fi téèpù wọn ìpele ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìlà kan bá sì wọ́, ọ̀gá a fa ìwé náà ya. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kùn nígbà náà, ṣùgbọ́n àárò ọwọ́ líle yẹn ń sọni báyìí.

Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń wò títí dòní, àmọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó ya ìpele tí wọ́n ti jáde, ilẹ̀ náà kò lè jẹ́rìí sí ọjọ́ orí wọn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ kan ère ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà ní 1957, awalẹ̀pìtàn Frank Willett wá wa àyíká ibẹ̀ ní ìpele-ìpele, ó sì rí ilẹ̀ tí àwọn àgbà fi àpáàdì tẹ́.

Ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá tilẹ̀ gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, àwọn Ẹ̀gbá ti fi ọ̀pọ̀ orílé, ìyẹn ìlú tí ogun tú, sílẹ̀ nínú igbó, ilé tuntun sì lè jókòó lé ti àtijọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni rántí. Àpáàdì tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí lára kò lè ṣáájú ìgbà tí àgbàdo ti Amẹ́ríkà dé, ṣùgbọ́n kí ni èyí fẹ́ sọ fúnni bí wọn kò bá kọ ìpele tó ti wá sára àpò rẹ̀? Bí agbaṣẹ́ṣe bá ń kánjú, kí wọ́n ní kó dúró. Kí ọmọ iṣẹ́ ha ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó yà wọ́n, kí ó sì wa igun kan wọnú iyẹ̀pẹ̀ pupa náà títí yóò fi dá a lójú pé kì í ṣe ògiri tó wó, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì láti bò ó.