Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ojú, Etí àti Ìwé Orí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú nìkan kọ́ ni ìmọ̀ inú ìwé ń bá wọlé. Nínú àwọn irinṣẹ́ tí ó la ọ̀nà etí sílẹ̀ ni Thorium Reader wà, ètò kọ̀ǹpútà tí EDRLab, àjọ kan ní ìlú Paris tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè, ń ṣe, tí ó sì fi ń ta gbogbo ènìyàn lọ́rẹ láìgba kọ́bọ̀. EPUB ni irú ìwé tí a dìídì ṣe é fún, ìyẹn ìwé tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń tún ara rẹ̀ tò bí ojú ẹ̀rọ bá ṣe fẹ̀ tó. Bí òǹkàwé bá ní kí ó kà á sókè, ohùn tí ó bá nílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ni yóò yá lò, ibi tí ó sì ń kà lọ́wọ́ yóò máa hàn yàtọ̀, kí ojú lè máa tọ etí lẹ́yìn. Ẹni tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú àti ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ ti tán lókun kí ó tó jókòó ti ìwé ni èyí ṣe lóore púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ohùn ẹ̀rọ kì í dúró ronú. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó dín eré rẹ̀ kù, kí ó dá a dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jinlẹ̀, kí ó fi àwọ̀ kun gbólóhùn náà, kí ó sì kọ òye tirẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìwé Yorùbá ni wàhálà pọ̀ sí. Níbi tí kò bá sí ohùn Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, tí ó jẹ́ pé ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kàwé, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ èrò àti ọ̀kọ̀ ọdẹ, bákan náà ni gbogbo wọn yóò máa dún lẹ́nu rẹ̀. Ohùn tí ó gbọ́ Yorùbá pàápàá, bí òǹkọ̀wé kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ìméfò ni yóò máa mé. Èyí tí ó tilẹ̀ burú jù ni ìwé tí wọ́n kàn ya ojú ewé rẹ̀ ní fọ́tò: àwòrán lásán ni lójú ẹ̀rọ, kò sì rí lẹ́tà kan kà níbẹ̀, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ètò mìíràn sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, kí àwọn òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé Yorùbá jọ̀wọ́ máa fi àmì ohùn sí iṣẹ́ wọn pé pérépéré, kí wọ́n sì máa gbé e jáde ní EPUB, nítorí àwọn tí kò ríran náà fẹ́ ka ìwé ní èdè ìyá wọn.