Ilé Tí Ó Kéré Jù

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé wa ṣáájú Ọdún Àjíǹde
Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 12:1-28



Bí a bá ń ka orí yìí, ẹ̀jẹ̀ ara òpó ilẹ̀kùn ni ọkàn wa sábà máa ń lọ sí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ 22: Mósè kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jáde títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Inú ilé ni wọ́n ti ṣe Ìrékọjá àkọ́kọ́, nígbà tí ikú ń rìn níta. Kónílé-ó-gbélé ni.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn Kòrónà mú ní Èkìtì. Nígbà tó fi di ọjọ́ 30, ìjọba ti ní kí oníkálukú jókòó sílé. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Emùré, ilé ìjọsìn wà ní títì. Alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ni Ìrékọjá àwọn Júù bọ́ sí. Àjíǹde tiwa bọ́ sí ọjọ́ 12.

Lọ́dọ̀ àwọn Júù, ẹni mẹ́wàá tó ti bàlágà gbọ́dọ̀ pé kí àdúrà ìjọ tó dúró. Nígbà tí sínágọ́gù wà ní títì, àwọn kan gbà kí mẹ́wàá náà pé lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn kọ̀. Ní Jerúsálẹ́mù, àwọn kan dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé wọn, wọ́n ń dáhùn àdúrà láti ilé dé ilé.

Àwa kò ní òfin ẹni mẹ́wàá, ṣùgbọ́n a ní kíláàsì. Gbèsè ilé ìjọsìn ló bí i ní Bristol, ní 1742: wọ́n fi ènìyàn bíi méjìlá sábẹ́ olórí kan, kí ó máa gba kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí olórí ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó rí bí oníkálukú ti ń gbé. Owó ni wọ́n wá lọ, ọkàn ènìyàn ni wọ́n bá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ní 2020, àwọn tí fóònù wọn ń gba Wasáàpù gbọ́ ìwàásù, wọ́n kọrin Àjíǹde, a sì rò pé ìjọ pé. Ìyá àgbà kan wà láàrin wa, opó tó ń dá gbé. Fóònù kékeré ló ní, kò sì rí káàdì rà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kíláàsì, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí arábìnrin kan wọ ìbòmú lọ, tó gbé èlùbọ́ àti epo sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí ìyá kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ṣé ọdún ti kọjá ni?” Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn wá jù.

Ẹ padà sí ẹsẹ 4. Ọlọ́run ní kí ilé tó kéré jù fún ọ̀dọ́ àgùntàn kan darapọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀, kí wọ́n ka iye ènìyàn. Ẹsẹ 7 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó dé. Wọ́n ti ní láti mọ ẹni tó dá wà kí òru náà tó dé. Lóru, kò sí ẹni tó lè jáde lọ wá a mọ́.

Fún ìjíròrò: kí olórí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú ìwé rẹ̀ dání. Ta ló ń dá gbé nínú wa? Ilé ta ló súnmọ́ tirẹ̀ jù? Ẹ kọ orúkọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí a tó kọ orin ìparí.