Ẹ̀yìn Alùpùpù Tó Ń Lu Irin: Pípààrọ̀ Amọ́tísọ̀ Nílé

  Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yìn ríro àwọn tó ń fi zẹ́mìjáàn ṣiṣẹ́. A kò tíì parí ètò náà tí bàbá kan fi pè wá. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, ẹ ti sọ ti ẹ̀yìn wa, ẹ kò sọ ti ẹ̀yìn alùpùpù. Tèmi ti pẹ́. Bí mo bá gbé èèyàn méjì, irin ló ń lu irin. Ṣé mo lè fi amọ́tísọ̀ tó le sí i fúnra mi nílé?"

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé ẹ lè ṣe é nílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "tó le" yẹn la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀pá méjì tó dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì táyà ẹ̀yìn, tí sípíríǹgì wé mọ́ lára, òun là ń pè ní amọ́tísọ̀. Àwọn ará wa tó ń ná ọjà Nàìjíríà ń pè é ní ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀kan náà ni. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, méjèèjì kò sì jọra. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Nínú ọ̀pá, níbi tí ojú kò tó, ọ́ìlì wà níbẹ̀ tó ń gba ihò tín-ín-rín kọjá bí ọ̀pá bá ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Ọ́ìlì yìí ló ń kó sípíríǹgì níjàánu kó má baà máa fò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe bí olùkọ́ díẹ̀, iṣẹ́ tí mo kọ́ ṣáà nìyẹn. Ẹ ra sírìnjì tuntun kan nílé oògùn, ẹ má fi abẹ́rẹ́ sí i. Ẹ fa omi sínú rẹ̀, kí ẹ wá tì í. Bí ẹ bá rọra tì í, omi á rọra jáde. Bí ẹ bá fi ìbínú tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á takú mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ọ́ìlì ṣe ń bá sípíríǹgì ṣe nìyẹn.

Lórí alùpùpù tó ti pẹ́, ọ́ìlì yìí ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Rọ́bà tó dí ẹnu ọ̀pá á gbó, eruku pupa tiwa yìí á ha á, ọ́ìlì á jò tán díẹ̀díẹ̀. Sípíríǹgì á ṣì wà níbẹ̀, á máa tàn yín pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ bá gègélé, ẹ̀yìn á fò, á tún fò, á tún fò lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí táyà bá wà lókè, bíréèkì tí ẹ ń tẹ̀ kò rí ilẹ̀ mú. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò nìyẹn. Ìjókòó tó rọrùn dára, ṣùgbọ́n kí táyà má kúrò nílẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ bàbá. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé bí amọ́tísọ̀ bá ti le, ẹrù lè pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o! Egungun alùpùpù kò yí padà, rímù kò yí padà, bíréèkì kò yí padà. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún èèyàn méjì, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà. Ẹ tún fi sípíríǹgì tó le jù sí i, ẹ gbé àpò iṣu lọ sí ọjà Glazoué, ó gbé e dáadáa. Nígbà tí ẹ ń bọ̀ ní òfìfo ńkọ́? Lórí ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó ti rí bí páànù òrùlé, táyà ẹ̀yìn á máa fò bí ọmọ ewúrẹ́, gbogbo ìgbọ̀n náà á sì wọ inú ìbàdí yín. Ohun tí à ń wá ni amọ́tísọ̀ tó péye, tí ọ́ìlì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí sípíríǹgì rẹ̀ sì bá ẹrù ojoojúmọ́ yín mu.

Èmi náà ti jẹ̀bi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, amọ́tísọ̀ apá òsì lára alùpùpù mi jò. Owó kò tó, mo bá ra àlòkù kan ṣoṣo, mo fi sí òsì, mo fi èyí tó ti gbó sílẹ̀ ní ọ̀tún. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí wàhálà, mo sì gbà, nítorí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ọjọ́ kejì mo gbé àbúrò mi obìnrin àti àpò gààrí, à ń sọ̀kalẹ̀ òkè kan lẹ́yìn òjò. Apá kan le, apá kan rọ̀. Nígbà tí a kó sí ihò, ẹ̀yìn alùpùpù kò lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ ló lọ. Àbúrò mi fi ọwọ́ gúnlẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ó ti san, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, ó ṣì máa ń na ọwọ́ yẹn sí mi pé kí n wò ó. Nítorí náà, méjèèjì pọ̀ ni à ń pààrọ̀. Bí owó bá tó ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi tó méjì, kí ẹ sì dín ẹrù kù títí dìgbà náà.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí kí ẹ tó náwó. Ẹ di alùpùpù mú ní orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi gbogbo ara tẹ ìjókòó ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan, kó dúró. Bí ó bá fò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ́ìlì ti tán. Ẹ fi ìka nu ọ̀pá tó ń dán lábẹ́ sípíríǹgì: bí ìka bá tutù pẹ̀lú ọ́ìlì tó ti po mọ́ eruku, ó ń jò nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí sítáǹdì àárín, ẹ di táyà ẹ̀yìn mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì, bọ́ọ̀ṣì apá irin tó di táyà mú tàbí bẹ́rínǹgì táyà ló ti jẹ. Amọ́tísọ̀ tuntun kò ní wo ìyẹn sàn, ẹ tún ìyẹn ṣe ná. Ẹ tún wo afẹ́fẹ́ táyà o. Mo ti rí ẹni tó ń wá owó amọ́tísọ̀ kiri, táyà tó rọ̀ pẹ̀sẹ̀ ló ń dà á láàmú.

Ní ti rírà, ìwọ̀n ló ṣe kókó. Kí táyà ẹ̀yìn wà lókè láìkanlẹ̀, kí ẹ wá fi téèpù aránṣọ wọn amọ́tísọ̀ láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32, 32 ni kí ẹ rà. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn èyí tó gùn, kí ẹ̀yìn lè ga. Bí ẹ̀yìn bá ga jù, iwájú á tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa yá jù láti yí, ṣéènì lè máa ha irin, sítáǹdì kò sì ní gbé e dúró bó ti yẹ mọ́. Ẹ wo ihò pẹ̀lú: kó gba bóòtì yín ṣinṣin, kí fífẹ̀ bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì bá ti àtijọ́ mu. Àwọn Boxer kan ti Bajaj ní sípíríǹgì méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ wo ọ̀pá tó ń dán náà dáadáa. Bí ó bá ti dípẹtà tàbí tó ti ya, ẹ dá a padà, nítorí ojú ọgbẹ́ yẹn ló máa gé rọ́bà rẹ̀.

Mo bẹ àwọn tí tiwọn ní amọ́tísọ̀ kan ṣoṣo láàárín, lábẹ́ ìjókòó. Ará Beljíọ́ọ̀mù kan, Lucien Tilkens, ló gbé irú rẹ̀ lọ fún Yamaha, alùpùpù eré ìje wọn sì ń lò ó láti ọdún 1973. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlá ilé.

Ó ku fífi sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi epo àtùpà díẹ̀ sí gbogbo nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, kí ilẹ̀ mọ́ bá a. Kí iná má sún mọ́ ibẹ̀, kí ìgò kpayo má sì wà nítòsí. Ní òwúrọ̀, kí ẹ̀ńjìnnì tutù, nítorí páìpù èéfín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọwọ́ yín ń lọ. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú, èyí tí kò rọrùn níwájú ilé ẹlòmíràn láàárín àwọn òkè wa, mo mọ̀. Ẹ gbé e sórí sítáǹdì àárín, ẹ fi òkúta dí táyà iwájú, ẹ sì ti igi pákó sábẹ́ táyà ẹ̀yìn títí tí yóò fi kàn án.

Ẹ má tú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tú apá kan, ẹ fi tuntun síbẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí apá kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan yóò máa di táyà mú dè yín. Bí ẹ bá ṣe ń yọ wọ́ṣà, ẹ tò ó sórí aṣọ bó ṣe jáde, kí ó lè wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wáyà fọ ojú irin tó wọnú bọ́ọ̀ṣì, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Kí gíríìsì má kan rọ́bà, á jẹ ẹ́. Bí ihò kò bá ṣe déédéé, kí ẹnì kejì yín gbé táyà sókè díẹ̀. Ẹ má fi òòlù irin lù ú wọlé. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí àwọn nọ́ọ̀tì, ẹ sọ alùpùpù kalẹ̀, kí ẹnì kan jókòó lé e, ìgbà yẹn ni kí ẹ fi sípánà dè é gbọnyingbọnyin. Bí ẹ bá dè é nígbà tí táyà ṣì wà lókè, rọ́bà inú ihò á máa lọ́ ní gbogbo ìgbà, kò ní pẹ́ tó fi ya.

Òrùka onípele tó wà nídìí sípíríǹgì ńkọ́? Òun la fi ń yan líle. Ipele kan náà ni kí ọ̀tún àti òsì wà. Ẹ fi téèpù wọn láti irin àárín táyà dé ibì kan lára ìjókòó nígbà tí táyà wà lókè, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ bá jókòó lé e. Tí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ààyè tí ẹ̀yìn ní láti lọ sílẹ̀, ó dára. Ẹni tó ń gbé èrò lójoojúmọ́, bíi ní oṣù kẹjọ tí àwọn èèyàn ń wọ́ wá sí Àrígbó, lè gbé e sókè ní ipele kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ṣéènì àti bíréèkì ẹ̀yìn, kí ẹ rìn díẹ̀ láìgbé ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì tún de nọ́ọ̀tì wò.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin wẹ́dà wa: ẹ má jó irin mọ́ ara amọ́tísọ̀, ẹ má sì fi iná yá a. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ sì wà nínú òmíràn. Ó lè bú gbàmù lójú yín. Rọ́bà táyà tí a ń wé mọ́ sípíríǹgì náà, ẹ tú u kúrò. Ibi tó fi dí ni ẹ̀yìn ì bá gbà sọ̀kalẹ̀.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí: kí ẹni tó ní alùpùpù gbé e wá sí ìpàdé. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé kọ iye ìgbà tó fò sílẹ̀, kí ẹ sì jọ wo ta ló ń gbé aláboyún tàbí ọmọ ilé ìwé lára àwọn tó fò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wa, a máa kà á lórí afẹ́fẹ́ nínú ètò tó ń bọ̀.